Mo ti dé 'B' nínú díkíṣọ́nárì, 'A' sì ti fò lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mò ń ránṣọ ní Òkè-Àdó, níbí n'Ìbàdàn. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń fi bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá gbé àyọkà ìdánwò WAEC síwájú, àfi bíi pé wọ́n da iyanrìn sí mi lójú. Mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Eléyẹlé, kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù mí kù. Mo ra díkíṣọ́nárì, mò ń kọ́ ogún ọ̀rọ̀ sórí lójúmọ́ láti orí 'A'. Mo ti dé 'B' báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá padà wo 'A', gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ọ̀rọ̀ mélòó gan-an ló yẹ kí n mọ̀? Àbí orí mi ni kò pé, mà?

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, orí rẹ pé. Ẹni tó ń wo aṣọ lọ́rùn ìyàwó ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì délé gé irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó ṣe orí ẹ̀. Ọ̀nà tí o tọ̀ ni kò já síbi tí ò ń lọ. Ìwọ náà kúkú ń ra aṣọ ní Gbági. Ṣé bí o bá dé ọ̀hún, ẹnu géètì lo ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wàá ra yáàdì kan ní ṣọ́ọ̀bù kìíní, yáàdì kan ní ìkejì, títí wàá fi la ọjà já? Aṣọ tí wọ́n gbé wá fún ọ láti rán ló ń sọ ṣọ́ọ̀bù tí wàá yà sí. Díkíṣọ́nárì náà nìyẹn. Ohun tí ò ń kà ló yẹ kó rán ọ níṣẹ́ lọ síbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ń ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. 'Abandon', 'abate', 'abdicate', 'abduct': ojú wọn jọra, ìró wọn jọra, ọjọ́ kan náà lo sì kó gbogbo wọn wọlé. Báwo ni orí ṣe fẹ́ mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé? Ká tiẹ̀ ní o mọ 'abdicate' dáadáa, pé òun ni kí ọba fọwọ́ ara ẹ̀ gbé adé sílẹ̀, ọdún mélòó lo fẹ́ fi jókòó ní Òkè-Àdó kí kọ́sítọ́mà kan tó sọ ọ́ sí ọ létí? Ọ̀rọ̀ tí a kò bá tún pàdé mọ́ gbọ́dọ̀ lọ ni.

O béèrè iye ọ̀rọ̀. Àwọn tó fi irú iṣẹ́ yìí ṣe ayé ti kà á fún wa. Ní 1953, Michael West, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣe olùkọ́ pẹ́ nílẹ̀ Íńdíà, gbé àkójọ bí ọ̀rọ̀ 2,000 jáde, àwọn tó wọ́pọ̀ tó sì wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2000, Averil Coxhead ní New Zealand tú ìwé àwọn yunifásítì wò, ó sì kó ìdílé ọ̀rọ̀ 570 jọ tó ń jáde léraléra nínú wọn, àmọ́ tí kò sí nínú 2,000 ti West. Paul Nation, òun náà ní New Zealand, wá ṣírò ní 2006 pé ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn tàbí ìtàn àròsọ láìsí ẹni tó ń là á yé e, tó sì fẹ́ mọ 98 nínú 100 ọ̀rọ̀ tó bá kà, á nílò ìdílé ọ̀rọ̀ bí 8,000 sí 9,000.

Má jẹ́ kí iye yẹn já ọ láyà. Ìdílé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ronú agboolé Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ 'kọ́' ní Yorùbá ti mọ ẹ̀kọ́, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, ìkọ́ni àti àìkẹ́kọ̀ọ́; agboolé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. 'Decide', 'decision', 'decisive', 'undecided', agboolé kan ni. Ìwọ tí ẹnu rẹ ń já geere ní ṣọ́ọ̀bù ti ní púpọ̀ nínú 2,000 àkọ́kọ́. Èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀, pẹ̀lú 570 ti Coxhead, ni kí o dojú kọ, torí odò yẹn ni àyọkà ìdánwò àti ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pọnmi. Ìyókù á máa bọ̀ bí o bá ṣe ń kàwé. Ìdánwò rẹ kò dúró de 9,000.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún ọ: ẹni tó bá wà ní àárín bíi tìrẹ, àìmọ ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro ẹ̀ tó tóbi jù. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láàbọ̀ ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn àgbà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Mọ́kọ́lá, mo máa ń kọ 'charge' sójú pátákó, màá ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ẹ̀. Gbogbo wọn á hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Ṣáájì fóònù!" Màá wá kọ mẹ́ta sí i: 'The nurse in charge is not around.' 'The treatment is free of charge.' 'He was charged with stealing.' Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan nawọ́, ó ní ọkùnrin tó jalè yẹn, wọ́n fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gbé e ni. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ bàbá náà kò ya òpè. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ ló fi tún gbólóhùn náà tò.

Wá wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, ohun tó sì jẹ́ lọ́hùn-ún ni kí a di ẹrù lé nǹkan, bí ẹni ń di ẹrù sínú ọmọlanke. Ẹrù! Bí o bá ti di ẹrù yìí mú, gbogbo ẹ̀ á là. Wọ́n di iná ru bátìrì. Wọ́n di owó ru kọ́sítọ́mà. Wọ́n di ẹ̀sùn ru olè. Àwa náà kúkú ń sọ pé wọ́n di ẹ̀bi rù ú. Nọ́ọ̀sì tó wà 'in charge' ni ẹni tí wọ́n gbé ẹrù wọ́ọ̀dù kà lórí. 'Cargo' tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Àpápá, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. O rò pé mẹ́rin lo fẹ́ kọ́, ọ̀kan péré ni.

'Issue' náà ń da àwọn èèyàn láàmú bẹ́ẹ̀. 'Jáde' ló wà nídìí ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí WAEC 'issue', ọwọ́ wọn ló ti jáde. Ìwé ìròyìn 'this week's issue', èyí tó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Bí lọ́yà bá kọ ọ́ sínú ìwé ogún pé ẹnì kan kú 'without issue', kò sí ọmọ tó ti ara ẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ tó jáde síta tí gbogbo ayé wá ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, 'issue' ni.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tìrẹ náà. Àwa wo ohun tí ò ń ṣe, abẹ́rẹ́ àti òwú la rí, a pè ọ́ ní aránṣọ. Àwọn Faransé wo iṣẹ́ kan náà, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n rí. 'Tailor' ti inú ọ̀rọ̀ wọn fún 'gé' wá, agéṣọ ni wọ́n ń pè ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. 'Detail', kí a gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ ká lè rí i fínnífínní. 'Retail', kí a gé ọjà ńlá sí kéékèèké ká tó tà á. Ìyá tó ń ra aṣọ ní róòlù tó ń tà á fún ọ ní yáàdì, 'retailer' ni, sísọ́ọ̀sì ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́.

Ó lè máa yà ọ́ lẹ́nu pé ẹnu rẹ já geere ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ sì ń ṣú bí o bá kọjú síwèé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, la òkun kọjá, ó sì gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti nílé ẹjọ́, Látìn ni àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu àgbẹ̀ àti ará ọjà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì padà gba ilé ẹ̀, kò lé àlejò jáde, ó ní kí wọ́n máa bá òun gbé. Òun ló fà á tí màlúù tó wà lórí ìdè fi ń jẹ́ 'cow', tó sì di 'beef' bó bá ti wọ ìkòkò. Òun náà ló fà á tí nǹkan kan fi ń ní aṣọ ilé àti aṣọ òde. O mọ 'buy'; 'purchase' ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù. O mọ 'begin'. 'Commence' ló wà lójú ìwé ìdánwò. 'Help' di 'assist', 'end' di 'terminate', 'enough' di 'sufficient', 'ask' di 'enquire'. Ìwé kò sọ ohun tuntun fún ọ, aṣọ òde ló wọ̀ wá.

Àwa náà ń ṣe é. 'Ìbùkún' àti 'àlùbáríkà' tó ti èdè Lárúbáwá bọ̀ kò jìnnà síra, àmọ́ èyí tó bá jáde lẹ́nu rẹ lè sọ fún ará Ìbàdàn bóyá ṣọ́ọ̀ṣì lo ti ń bọ̀ tàbí mọ́ṣáláṣí.

Nítorí náà, mú ìwé kan, fa ìlà sáàárín ojú ewé. Lápá òsì, kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí o ti mọ̀. Lápá ọ̀tún, èyí tó bá jọ ọ́ nínú àyọkà. Bí o bá ti ní bí ogójì irú ìbejì yìí, àyọkà á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni tí o mọ̀ rí.

Gbólóhùn kan wà tí kò sí ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà nídìí rédíò tí kò mọ̀ ọ́n, òun ló ń gbẹ̀yìn ìpolówó oògùn: 'If symptoms persist after three days...' Kí ni 'persist'? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ní òun ni kí àìsàn burú sí i. Rárá o. 'Sist' tó wà nínú ẹ̀, 'dúró' ni lédè Látìn. Àìsàn tí kò burú sí i, tí kò sì lọ, tó kàn dúró bí onígbèsè tó mọ̀ pé o wà nílé, ìyẹn ló 'persist'. Wá wo àwọn àbúrò ẹ̀, kí o rí i bí wọ́n ṣe bá Yorùbá ṣe wẹ́kú. 'Assist', kí o dúró ti èèyàn. 'Insist', kí o dúró lé ọ̀rọ̀ rẹ lórí. 'Resist', kí o dúró kojú ohun tó ń tì ọ́. Èmi ò ṣe é, bí àwọn èdè wọ̀nyí ṣe ń ronú nìyẹn.

'Port', gbé: 'import', gbé wọlé, 'export', gbé jáde, 'portable', ohun tó ṣeé gbé, 'porter', aláàárù Dùgbẹ̀. 'Spect', wò: 'inspect', wo inú ẹ̀, 'spectator', òǹwòran, 'suspect', kí o máa wo èèyàn láti abẹ́ ojú. Bí ogún irú gbòǹgbò báyìí tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ gbòǹgbò máa ń tan èèyàn o. Wọ́n ti kọ́ wa pé 'in-' níwájú ọ̀rọ̀ dà bí 'àì-' tiwa: 'incorrect', àìtọ́, 'incomplete', àìpé. Wá lọ dúró sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí o ka ẹ̀yìn táńkà epo: 'Highly inflammable'. Dẹ́rẹ́bà kan tí mo kọ́ ní òun ti ń rí i fún ọdún mẹ́sàn-án, òun rò pé wọ́n ń fi àwọn lọ́kàn balẹ̀ ni, pé epo yẹn kì í gbiná! Ó gbiná, kódà kíákíá ni. 'In-' tibẹ̀ kì í ṣe 'àì-', 'sínú' ni, ohun tó yá láti bọ́ sínú iná. Nítorí irú àṣìṣe yìí ni wọ́n ṣe ń kọ 'flammable' níbi púpọ̀ báyìí, ìtumọ̀ kan náà ni méjèèjì. 'Invaluable' náà, kì í ṣe ohun tí kò níláárí, ohun tí a kò lè dá iye lé ni. Fi gbòǹgbò méfò, fi gbólóhùn tó wà nínú ẹ̀ yẹ ìméfò náà wò, kí díkíṣọ́nárì wá dájọ́.

Bí o bá sì fẹ́ ra díkíṣọ́nárì mìíràn, wo iwájú ẹ̀ kí o rí 'Learner's' níbẹ̀. Irú ìyẹn ń fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn ṣàlàyé èyí tó le, ó sì ń fúnni ní gbólóhùn. Àlòkù tó mọ́ tó, kò dìgbà tí o bá ra tuntun. Èyí kékeré tó ń fún ọ ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan ló pa ọmọkùnrin kan lára lọ́dọ̀ mi. Ó kọ̀wé wáṣẹ́, ó ní inú òun á dùn láti ṣiṣẹ́ ní 'your notorious company'. Díkíṣọ́nárì ẹ̀ sọ fún un pé 'notorious' ni olókìkí. Kò purọ́, àmọ́ kò sọ pé òkìkí burúkú ni. Ìwọ náà, bí o bá ń wọn kọ́sítọ́mà tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, 'slim' ni kí o pè é. Bí o bá ní ó 'skinny', o ti ní ó rù nìyẹn, kò sì ní gbé aṣọ wá mọ́.

Mo fẹ́ràn apá tó kàn yìí jù, torí Yorùbá rẹ, tí àwọn kan ní kí o gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ni irinṣẹ́ tó mú jù lọ́wọ́ rẹ. Èdè méjì kì í pín ayé bákan náà. Èèyàn ń wọ bùbá, ó ń ró ìró, ó ń wé gèlè, ó ń dé fìlà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ 'wọ gèlè' ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, ẹ ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gẹ̀ẹ́sì ní 'wear', ó parí. Níbẹ̀, èrè lo jẹ.

Ibi tí tiwa jẹ́ ọ̀kan tí tiwọn pín sí méjì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Àwa ní mo yá a lówó, a ní mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀. 'Yá' kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó fúnni ló 'lend', ẹni tó gbà ló 'borrow'. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ 'borrow me your scissors' káàkiri ìlú. Láti 1853 tí David àti Anna Hinderer ti wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọdé níwèé, ó dá mi lójú pé ibẹ̀ yẹn lọmọ Ìbàdàn ti ń kọsẹ̀. 'Kọ́' náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, 'teach' àti 'learn'. Àlejò wá ńkọ́? Ẹni tí o gbà lálejò ni 'guest', ẹni tó yà wá kí ọ ni 'visitor', ẹni tí o kò mọ̀ rí ni 'stranger'. Mo ti rí káàdì ìnáwó kan rí tí wọ́n kọ sí i pé oúnjẹ wà fún 'all our strangers'. Mo lọ, mo sì jẹun.

Fún nọ́ọ̀sì, eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí aláìsàn bá sọ fún ọ ní Yorùbá pé ọwọ́ ń dun òun, o ní láti bi í pé ibo lára ọwọ́. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí o bá mú ti yan ibi kan: 'hand' kò kọjá ọrùn ọwọ́, òkè ẹ̀ ni 'arm'. Ẹsẹ̀ bákan náà, 'foot' nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀, 'leg' lókè. Bí o bá kọ ọ̀kan fún èkejì, ibòmíràn ni wọ́n máa lọ wò. Torí náà, bí o bá kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, má kàn béèrè pé kí ni Yorùbá ẹ̀. Béèrè ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ parí sí, àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ alámùúlégbè ẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tún ní ẹni tó ń bá rìn. Ebi ń pa èèyàn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oorun ń kùn ún, òtútù ń mú un. Ta ló pàṣẹ pé kí oorun má pa èèyàn? Bẹ́ẹ̀ la bá a. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiẹ̀: wọ́n ń 'make a decision', wọ́n ń 'take' oògùn dípò kí wọ́n mu ún bíi tiwa, òjò ńlá ni 'heavy rain', tíì tó le ni 'strong tea'. Kọ irú wọn sílẹ̀ ní méjì-méjì, bí wọ́n ṣe ń ta bàtà.

Ó ku bí kò ṣe ní fò lọ. Ní 1885, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde lórí ìdánwò tó fi ara ẹ̀ ṣe: ó ń kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wọn bí òun ṣe ń gbàgbé wọn. Ohun tó rí ni pé wákàtí àkọ́kọ́ àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìgbàgbé ń kó ẹrù jù, lẹ́yìn náà ó ń rọra ṣe. Sílébù tí kò nítumọ̀ ló lò o. Ogún ọ̀rọ̀ tí ò ń kọ́ láìsí gbólóhùn kankan lẹ́yìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀.

Sebastian Leitner ló gbé ọgbọ́n àpótí káàdì jáde fún àwọn èèyàn ní 1972, èmi ti gé e kù díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bébà tí o fi ń gé pátáànì, gé e sí wẹ́wẹ́. Wá páálí bàtà, dá a sí yàrá mẹ́ta. Káàdì tuntun ń gbé yàrá kìíní, ojoojúmọ́ lò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí o bá mọ̀ lọ sí yàrá kejì, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. O tún mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ó di yàrá kẹta, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Èyí tí o bá kùnà, ì báà jẹ́ yàrá kẹta ló wà, padà sí ìkìíní láìsí ẹ̀bẹ̀. Lójú káàdì, kọ gbólóhùn tí o ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, fa ìlà sí ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn, kọ ìdí ìtumọ̀ ẹ̀ bó ṣe yé ọ, ẹni tó ń bá rìn, àti gbólóhùn tìrẹ tó ní Òkè-Àdó nínú. Kí o tó yí káàdì, kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹni tó ń wo iwájú tó ń wo ẹ̀yìn wéré-wéré, tó ń ní "ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ ọ́n", ń tan ara ẹ̀ ni.

Márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kí o sinmi ní ọjọ́ keje. Ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 19, o ti kan ilẹ̀kùn ìdílé 570 ti Coxhead tán. Ó lọ́ra lójú rẹ, àbí? Ogún lójúmọ́ tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀, mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?

Níbo ni wàá ti máa rí ọ̀rọ̀? Nínú ohun tí ò ń kà, nǹkan kan náà ni kí o sì kà fún ìgbà díẹ̀. Fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ibà nìkan: bébà inú páálí oògùn ibà, ojú ewé ìlera nínú ìwé ìròyìn, orí ibà nínú ìwé báyọ́lọ́jì. 'Fever', 'dose', 'drowsiness', 'discontinue', 'infected', 'breed' á máa jáde sí ọ lójú lọ́tùn-ún lósì, láìjẹ́ pé o wá wọn. Ẹni tó ń fò láti orí bọ́ọ̀lù sórí òṣèlú sórí ìbálòpọ̀ láàárín ọjọ́ kan kì í pàdé ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ alẹ́ yìí rèé, ìdí ẹ̀rọ rẹ ni mo ti mú un. Àwọn kọ́sítọ́mà wa fẹ́ràn láti sọ pé 'please amend this gown for me'. Gé káàdì mẹ́ta. Kọ 'mend' sí ọ̀kan, 'amend' sí èkejì, 'alter' sí ẹ̀kẹta. Ọ̀kan nínú wọn wà fún aṣọ tó ya, ọ̀kan wà fún òfin àti ìwé, ọ̀kan wà fún gáùn tó fún kọ́sítọ́mà láyà jù. Kọ èyí tí o rò sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan kí o tó ṣí díkíṣọ́nárì, kí o sì fi gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi.